Bí Màmá Phebe Ṣe Fi Oríkì Sàmóà Kí Àna Tóńgà

Olúwa nìkan ló mọ ibi tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò lè wá aya dé. Olúmúyìwá, ọmọ Ògúnfẹ́mi ará Iléṣà, lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Niu Silandi, ibẹ̀ ló ti pàdé Mele, ọmọ Tóńgà, ìlú erékùṣù tó wà láàrin òkun Pàsífíìkì. Mele ní òun fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun kò ní lọ sílé ọkọ láìgba ìre bàbá òun. Bàbá rẹ̀ náà ní òun kì í súre fún ilé tí òun kò fojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú, ó di Iléṣà.

Nílé Ògúnfẹ́mi, àna kì í jókòó kí wọ́n tó ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Màmá Phebe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n Ògúnfẹ́mi, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń jí akọrin Mẹ́tọ́díìsì tó bá ń tòògbé.

"Kí ni n óò fi kí ará Tóńgà báyìí?" ló bi Elisha, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wọn.

Elisha ṣí fóònù, ó ń ka ìtàn, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́ Tóńgà ń jẹ gàba lórí Sàmóà, aládùúgbò wọn, títí ọ̀rọ̀ fi sú Sàmóà. Sàmóà dìde, wọ́n lé Tóńgà dé etí òkun. Bí àwọn ará Tóńgà ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ, wọ́n kígbe sí àwọn tó ṣẹ́gun wọn pé, "Akọni, ẹ ṣeun! Ìjà yín dára!" Igbe náà ló di oyè ńlá ní Sàmóà, Màlìètóà, títí dòní.

Màmá Phebe fò sókè. "Ó parí! Ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ ń kì, oríkì wo ló tún ń wá?"

"Màmá, Sàmóà ni wọ́n kì. Tóńgà ló sá."

"Ṣebí aládùúgbò ni wọ́n? Bí mo bá ki ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣé ará Iléṣà kì í jẹ níbẹ̀ ni?"

"Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ o, Màmá."

"Oríkì tí kò ní ogun, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Fi mí sílẹ̀ jàre, Olúwa á ràn mí lọ́wọ́."

Ọjọ́ pé, àlejò dé. Bàbá Mele fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹnu ọ̀nà tán. Ó ró ẹní híhun mọ́ ìbàdí, ẹ̀yẹ ńlá nìyẹn níbi tiwọn. Màmá Phebe pàtẹ́wọ́. "Ọ̀ kàrè o! Àwa ń tẹ́ ẹní fún àlejò, èyí gbé tirẹ̀ wá!" Ó kúnlẹ̀, ó gbóhùn sókè:

"Ọmọ Màlìètóà, ọmọ akọni tí ọ̀tá ń kì!
Ọmọ Sàmóà tí í gbá Tóńgà bí ẹni gbálẹ̀,
Ó gbá wọn nílé, ó gbá wọn dé etí òkun.
Tóńgà sá tán, eruku wọn ò tíì sá tán!"

Olúmúyìwá ni ògbufọ̀. "Ó ní ẹ káàbọ̀," ló sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Gbogbo ìyẹn ni ẹ káàbọ̀?"

"Ẹ káàbọ̀ gan-an ni, sà."

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í wá ògbufọ̀. Bàbá Mele ti gbọ́ Sàmóà, ó gbọ́ Tóńgà, ó sì rí ọwọ́ Màmá Phebe tó ń gbálẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Múyìwá, ta ló ń gbá ta?"

Mele fọwọ́ bojú. Elisha ń wo àjà. Ògúnfẹ́mi kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹnìkan bá wọlé wa, tó wá ń fi bí Ìbàdàn ṣe kó Iléṣà kì wá ńkọ́?"

"Omi gbígbóná ni n óò dà sí i lára," ni Màmá Phebe wí. Ìgbà náà ló wá mọ ohun tó ṣe.

Olúmúyìwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, àti ìtàn tí Elisha kà, láìfi kan pamọ́. Mele ti di àpò rẹ̀ mú bí ẹni tó ń padà lọ.

"Àwọn tó kígbe nínú ọkọ̀," bàbá rẹ̀ béèrè, "baba ta ni wọ́n?"

"Tiyín ni, sà."

"Oríkì tí Sàmóà ń jẹ́ títí dòní, ta ló kì í?"

Bí Múyìwá ṣe túmọ̀ rẹ̀, Màmá Phebe gbójú sókè wéré. "Áà! Wọ́n jìyà tán, wọ́n tún rẹ́nu ki ẹni tó nà wọ́n! Asunrárà bíi tèmi ni wọ́n!"

"Sọ fún un pé ó ti ki Sàmóà kọjá àlà," ni Bàbá Mele wí. "N kò ní jókòó, n kò ní súre, àfi bí mo bá gbọ́ ti Tóńgà. Kó sì gùn ju ti Sàmóà lọ."

"N kò ní in lẹ́nu," ni Màmá Phebe wí. "Kó máa sọ, kí n máa kì."

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí ìdúró, Múyìwá ń túmọ̀ láàrin wọn. Bàbá Mele ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí adé lórí ọba wọn. Màmá Phebe gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Òyìnbó yí ààfin ká, kò rítẹ́ jókòó sí!" Bàbá Mele ní òfin wọn kò gbà kí wọ́n ta ilẹ̀ fún àjèjì. "Ilẹ̀ tí kò ṣe é tà, bí ìyá ẹni!" Ọkùnrin náà tún ní ọba wọn kan bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ó nà án sókè, ó fi gbogbo ìlú lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ohùn Màmá Phebe yí padà, ó fẹ́ di ẹkún: "Ọmọ ọba tó bu erùpẹ̀ fún Olúwa, tí Olúwa kò gbọ̀n ọ́n nù!"

Bàbá Mele nu ojú rẹ̀. "Ṣé ó ti gùn ju ti Sàmóà?"

"Ó ti gùn jù ú, sà!" ni gbogbo ilé dáhùn.

"Ẹ tún un kì. Sàmóà kò jìnnà sí wa, wọ́n á béèrè."

Ó tún un kì títí ọbẹ̀ fi tutù. Nígbà náà ni ọkùnrin náà jókòó, àga ké. Ó so ọwọ́ Mele àti ti Múyìwá pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lédè Tóńgà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, ibi tí Àmín ń gbé kò pamọ́ fún wọn. Ayọ̀ ló mú Màmá Phebe ṣe Àmín tirẹ̀ kí àdúrà tó parí. Bàbá Mele lajú, ó wò ó, ó sì tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.