Orí Lásán ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Bantama

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Tómilọ́lá, àbúrò Jọláadé, bímọ ní ọsibítù ńlá tó wà nítòsí Bantama. Ọkùnrin ni, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Jọláadé ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dichemso, ó rọ ògì gbígbóná sínú fúláàsì, ó kó aṣọ ọmọ díẹ̀ sínú báàgì. Kó tó lọ, ó kọ́kọ́ yà sí Suame Magazine, níbi táwọn mẹkáníìkì wà, kó lè gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀.

Morákinyọ̀ ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ló bàjẹ́. Ó ti já ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n ń di ẹrù sí, sílẹ̀ ní ọgbà kan lọ́nà Abuakwa, iwájú nìkan ló gbé wá fún mẹkáníìkì. Nígbà tí Jọláadé dé, wọ́n ti tún un ṣe tán.

"Gòkè wá," ni Morákinyọ̀ wí. "Màá já ẹ sílẹ̀ ní Bantama kí n tó lọ so tírélà mọ́ ọn."

Bàbá Jímọ̀h, awakọ̀ àtijọ́ kan tó máa ń jókòó sábẹ́ ibòji níbẹ̀, gbójú sókè. Òjò ti ṣú.

"Morákinyọ̀, orí lásán lo fẹ́ gbé lọ yẹn o. Rọra."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Jọláadé nínú. Bí wọ́n ṣe jáde sí títì, ó ní: "Bàbá Túnmiṣe, kí ni bàbá yẹn ń pè yín? Ta ló ní orí lásán?"

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe èmi, ọkọ̀ yìí ni. Bí a bá já tírélà kúrò lẹ́yìn, tó wá ku ẹ́ńjìnnì àti ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, orí lásán là ń pè é. Bí dírẹ́bà bá ní orí lásán lòun gbé bọ̀ láti Tema, ohun tó ń sọ ni pé kò so nǹkan kan mọ́ ọn."

"Kí wá ni bàbá ń bẹ̀rù? Ṣebí ohun tó bá fúyẹ́ ló yẹ kó tètè dúró."

"Bí gbogbo èèyàn ṣe rò nìyẹn. Ẹrù ẹ̀yìn ló ń tẹ táyà mọ́ títì. Ẹrù ńlá ni wọ́n sì ṣe búrẹ́kì rẹ̀ fún. Bí ẹrù ò bá sí, tó o tẹ búrẹ́kì lójijì, táyà lè dúró kí ọkọ̀ má dúró. Á kàn máa yọ̀ lọ ni. Ẹ̀yìn lè fẹ́ máa ṣáájú iwájú."

Jọláadé kò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ó kíyè sí i pé gbogbo kòtò tí wọ́n bá wọ̀ ló ń gbé òun sókè lórí ìjókòó, bíi pé ọkọ̀ náà kò fẹ́ fara kan ilẹ̀.

Lòjò bá dé. Ó rọ̀ débi pé wáípà tó ń nu gíláàsì iwájú kò rí i nù tán. Morákinyọ̀ dín eré kù. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn tó wà níwájú, àmọ́ bó ṣe ń fi àyè sílẹ̀ làwọn trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ń já wọ inú rẹ̀. Jọláadé di irin ara ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ jẹ́ ká dúró kó dá."

"Ibo la máa dúró sí? Di ibẹ̀ yẹn mú dáadáa."

Wọ́n kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Bantama. Trotro kan já wọ iwájú wọn, ó sáré dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró lójijì kó lè gbé èrò. Àwọn ọmọ iléèwé tó fi ọ̀rá borí ń sá kọjá níwájú rẹ̀.

Morákinyọ̀ tẹ búrẹ́kì. Táyà han gooro, àmọ́ ọkọ̀ kò dúró. Jọláadé rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń yà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi pé ẹnì kan ń fa ìjókòó kúrò nídìí òun. Ó wo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, trotro náà ló rí níbẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá a.

Ìgbà yẹn ni Morákinyọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búrẹ́kì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Jọláadé figbe ta. "Kí lẹ ń ṣe? Jésù! Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó gbá títì mú. Morákinyọ̀ yí ọwọ́ ọkọ̀, ó rọra tẹ búrẹ́kì, ó tú u, ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ trotro náà kọjá, Jọláadé sì rí ojú obìnrin kan nínú rẹ̀ tó lanu sílẹ̀. Orí ọkọ̀ gun òkìtì yanrìn níwájú ilé àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì kú síbẹ̀.

Ìró òjò nìkan ló kù.

"Ṣé a pa ẹnì kankan?"

"Mi ò mọ̀," ni Morákinyọ̀ wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Jọláadé kò lè bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ké "Awurade! Awurade!", ìyẹn Olúwa lédè Twi ìlú náà, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń dúpẹ́ ni tàbí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń ronú àwọn ọmọ tó fi ọ̀rá borí. Túnmiṣe, ọmọ tirẹ̀, náà wà ní iléèwé lákòókò yẹn.

Ọkọ rẹ̀ padà wá ṣílẹ̀kùn fún un. "Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn ọmọ yẹn ti kọjá." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó jókòó sórí yanrìn nínú òjò, ó sì bì.

Dírẹ́bà trotro náà wá bá wọn tìbínú-tìbínú. Ó ń pariwo ní Twi pé ọkọ̀ tí kò ru nǹkan kan, kí ló dé tí kò lè dúró?

"Torí pé kò ru nǹkan kan ni," Jọláadé dá a lóhùn ní Twi. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dà rú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Morákinyọ̀ ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí títì á fi gbẹ. Jọláadé fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù. Aṣọ rẹ̀ rin ṣinṣin.

Inú Tómilọ́lá dùn nígbà tó rí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbé ọmọ yín."

"Dúró ná."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ń gbọ̀n."

"Òjò ni."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó ń wo ọmọ náà láìfọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fun fèrè níta lara rẹ̀ ń já.

Òjò ti dá tipẹ́ kí fóònù rẹ̀ tó dún. "Mo ti so tírélà mọ́ ọn," ni Morákinyọ̀ wí. "Ó ti dúró dáadáa. Báwo lọmọ?"

Jọláadé bú sẹ́kún. Ó sun ún títí ó fi tán, Tómilọ́lá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, Jọláadé lọ fọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà.