Gẹ́ètì Tí Ìbíyẹmí Kò Ṣí

Ilẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde kì í mọ́ bá Ìbíyẹmí lórí ibùsùn. Ọdọọdún ni òun àti àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi máa ń wọ aṣọ funfun, tí wọn á kọrin yí àdúgbò wọn, Fọlá Àgọ́rọ̀, ká ní ìdájí, ohùn tirẹ̀ ni yóò sì máa ṣáájú. Lọ́dún yìí, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ó ń la ẹnu lásán. Báwo ni yóò ṣe máa kéde fún àdúgbò pé òkúta ti yí kúrò lẹ́nu ibojì, òun tí kò lè ṣí gẹ́ètì?

Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gẹ́ètì ilé wọn wà, nítorí onílé kì í gbé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìsìn dé, omijé tó sun nítorí ìjìyà Olúwa kò tíì gbẹ, ni ariwo sọ láti ọ̀nà Pẹ́drò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti yọ àdá síra wọn, ẹni tí wọ́n bá ṣáà rí ni wọ́n ń lé. Ìbíyẹmí sáré ti gẹ́ètì. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, gbì, gbì, gbì.

“Màmá Ìjọ! Èmi ni o, èmi Kàsúmù! Ẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń bọ̀!”

Kàsúmù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé, ni yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Ìbíyẹmí. Mùsùlùmí ni. Bí Iléyá bá dé, ẹran á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Bí Àjíǹde bá dé, ìrẹsì á ti ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí lọ. Òun gan-an ló sọ ọ́ ní Màmá Ìjọ.

Ìbíyẹmí di kọ́kọ́rọ́ mú kí ó má baà dún. Bí àwọn yẹn bá tẹ̀ lé e wọlé ńkọ́? Kàsúmù kàn, ó kàn, kò kàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìbíyẹmí gbọ́ igbe.

Àdá ti ba Kàsúmù lápá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Ìbíyẹmí gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa iná yàrá rẹ̀ bí ẹni tó ti sùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀ Àjíǹde yìí, Pásítọ̀ Akínlẹ́yẹ ń wàásù bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣe ti ara wọn mọ́lé nítorí ìbẹ̀rù, tí Jésù sì wọlé tọ̀ wọ́n. “Ayé le lónìí, ayé le lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Kò bá wọn wí. Àlàáfíà ló fi kí wọn, ọwọ́ tó lọ́gbẹ́ ló sì nà sí wọn.”

Ọwọ́ tó lọ́gbẹ́. Omijé bọ́ lójú Ìbíyẹmí.

“Ẹ wo Màmá,” ni Fadékẹ́ tó jókòó tì í wí fún ẹnìkejì rẹ̀. “Ìfẹ́ Olúwa ti wọ̀ wọ́n lára. Gbogbo wa ì bá rí bẹ́ẹ̀!”

Ilẹ̀ kò lanu gbé e mì.

Lọ́sàn-án, ó gbé abọ́ ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà Kàsúmù. Ó gbọ́wọ́ sókè láti kànkùn, ó tún sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Màmá Ìjọ, ẹ wọlé o!” ni Kàsúmù ké láti inú. “Òórùn ìrẹsì yín ti wọlé tipẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù síta.”

Ó wọlé. Báńdéèjì ni wọ́n fi di gbogbo apá ọ̀tún Kàsúmù. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, òun tó dàgbà jù ú lọ.

“Háà! Ẹ dìde, Màmá. Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?”

“Mo wà lẹ́yìn gẹ́ètì, Kàsúmù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.”

“Mo mọ̀. Mo rí bàtà yín lábẹ́ gẹ́ètì.”

Ojú tì í wọ egungun. “O mọ̀, o ò sì sọ fún ẹnì kankan?”

“Kí ni kí n sọ? Pé ẹ̀rù ba Màmá Ìjọ? Ẹ̀rù ba èmi náà.” Ó wo báńdéèjì apá rẹ̀. “Ó dùn mí o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dùn mí ju àdá lọ.”

Ìbíyẹmí gbé kọ́kọ́rọ́ lé ìdérí abọ́. “Gbà á. Kò yẹ kó wà lọ́wọ́ mi mọ́.”

Kàsúmù tì í padà. “Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù mí kù, ẹ tún ní kí n wá máa ṣí gẹ́ètì? Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín. Lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ ṣáà ṣí i.”

Ìbíyẹmí mú un. Ó ti rò pé bí òun bá jẹ́wọ́, ìtìjú náà yóò fúyẹ́; kò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Kàsúmù ti ṣí abọ́, ó mú ọ̀bẹ, ó ń fi ọwọ́ òsì bá ẹran jà, ìrẹsì sì ń dà sílẹ̀. Ni Ìbíyẹmí bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, láì gbójú sókè, ó ń gé ẹran náà fún un wẹ́wẹ́.