Ìdùnnú Méjì Tí Suihong Gé Já

Láti ogójì ọdún, kò sí ìyàwó tó wọ abúlé Qiaoyun tí kì í ṣe Qiaoyun ló gé àmì 囍 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú, 喜, méjì tó so mọ́ra nínú bébà pupa kan ni. Ẹyọ kan wà fún ọmọ tuntun, wọ́n tiẹ̀ ń lò ó bí arúgbó bá fọwọ́ rọrí kú. Ṣùgbọ́n méjì yẹn, ti ìgbéyàwó nìkan ni. Àṣírí iṣẹ́ náà kò ju pé kí wọ́n ṣẹ́ bébà po, kí àlùmọ́gàjí má sì gé ojú ìṣẹ́po já. Bó bá gé e já, ìdùnnú méjèèjì á tú ká.

Wàyí o, Qiaoyun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe ìyàwó, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Opó bíi tirẹ̀ ni Baotian, baba oníwàrà sóyà. Ojú kò ti Qiaoyun rárá. Suihong, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá, ló ń dùn ún. Ọmọ náà ní kí ni arúgbó ń fi ọkọ ṣe, bàbá òun kò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé o! Láti oṣù méjì, kò gbé fóònù ìyá rẹ̀ mọ́. Qiaoyun bú u, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n: ó tún tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ 囍 tirẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tán ni Suihong yọ sí i, ó di bébà pupa kan mú. Ó ní ibi iṣẹ́ ni òun ti gé e, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán.

"Màmá, mo gé e já. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló já. Mo wá fi gọ́ọ̀mù so ó."

Qiaoyun wò ó. Ìdùnnú kan ga ju èkejì lọ, gọ́ọ̀mù sì yọ láàárín bí ikun imú.

"Ọwọ́ pẹ́pẹ́yẹ yìí náà lo ní láti kékeré."

"Ẹ̀yin náà lẹ bí mi."

Qiaoyun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ká tirẹ̀ tó dán gbinrin kúrò, ó sì lẹ ti ọmọ rẹ̀ síbẹ̀.

Baotian dé pẹ̀lú abọ́ wàrà gbígbóná. Ó wo ilẹ̀kùn, ó ní ta ló gé eléyìí.

"Ọmọ wa ni," ni Qiaoyun wí.

Suihong gbọ́ "wa" yẹn. Ó wo bàbá náà látòkè délẹ̀, ó sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọlé, Bàbá. Ẹ má fara kan ilẹ̀kùn o, gọ́ọ̀mù yẹn ò tíì gbẹ."