Ọjọ́ Tí Ọmọ Inú Moyọ̀sọ́rẹ Dákẹ́

Moyọ̀sọ́rẹ, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, lóyún oṣù mẹ́jọ. Ọmọ inú rẹ̀ kì í sinmi. Tí ìyá bá ti jẹun tán, ọlẹ̀ á máa sọ débi pé aṣọ tó bá gbé lé itan á máa mì. Oghenemaro ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà ní Àpápá, gbà pé họ́ọ̀nù ọkọ̀ òun lọ́mọ náà ń dá lóhùn. Ó ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo dírẹ́bà Liverpool Road. Àwọn yẹn sì gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó ti wà lórí ìlà àtiwọ èbúté fún ọjọ́ mẹ́ta kì í jiyàn púpọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, Moyọ̀sọ́rẹ ti ránṣọ dé ọ̀sán kó tó fura pé ara òun ti dákẹ́ jù. Ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó dúró. Ọmọ náà rọra yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí kò fẹ́ rí àlejò, ó tún dákẹ́.

Ìyá Ephraim, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní tí oyún bá ti dàgbà, àyè á há, ọmọ á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ márùn-ún ló bí, ó sì máa ń fi márààrún jẹ́rìí sí ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ó ra mínírà tútù fún un. Moyọ̀sọ́rẹ mu ún tán, ó gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ò mira.

Ló bá pe ọkọ rẹ̀. Oghenemaro ò ní ẹrù lọ́jọ́ náà, ló bá wa orí tírélà nìkan wọ àdúgbò tóóró yẹn títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fọn họ́ọ̀nù. Ọwọ́ Linus agẹrun tó wà ní òdìkejì yẹ̀ lórí oníbàárà rẹ̀. Oghenemaro tún fọn ọ́n. Gbogbo ènìyàn ń wo ikùn Moyọ̀sọ́rẹ. Ikùn ò ṣe nǹkan kan.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní họ́ọ̀nù náà ò wọlé dáadáa. Linus ní ó lè jẹ́ pé ọmọ ń sùn. Òmíràn ní kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù sì wá ba Moyọ̀sọ́rẹ gan-an. Ó rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì Adaeze sọ fún àwọn aláboyún ní ọsibítù: pé kálukú ló mọ ìṣe ọmọ tirẹ̀, pé bó ti wù kí oyún dàgbà tó, kò yẹ kí sísọ ọlẹ̀ dín kù, àti pé tó bá dín kù, kí wọ́n má fi omi tútù dán an wò, kí wọ́n má dúró di ọ̀la.

Ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn.

"Mò ń lọ sí ọsibítù," ó ní. "Ẹ máa bá àríyànjiyàn yín lọ."

Ìyá Ephraim dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, àmọ́ tírélà ti dí ọ̀nà. Oghenemaro bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, ènìyàn mẹ́fà sì ń júwe fún un, kálukú pẹ̀lú ibi tó ń nà sí. Kí tírélà tó kúrò ní ìwọ̀n apá kan, Moyọ̀sọ́rẹ ti gbé báàgì, ó ti fẹsẹ̀ rìn dé oríta, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ní ọsibítù, ó ń tọrọ àforíjì pé bóyá òun kàn wá yọ wọ́n lẹ́nu ni.

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tọ́mọ sì wà dáadáa, inú wa á dùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá," ni Adaeze sọ, bó ṣe ń de bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ mọ́ ọn níkùn. Ó fetí sí i díẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó lọ pe dókítà.

Ọkàn ọmọ ń lù, àmọ́ ó ti ń rẹ̀ ẹ́, omi tó yí i ká sì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?" ni Moyọ̀sọ́rẹ béèrè.

"Ó wà láàyè," ni Adaeze dáhùn. "Ẹ tètè wá ni."

Nígbà tí Oghenemaro fi máa sáré dé, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin kékeré kan jáde, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ara ìyá rẹ̀ náà sì dá. Oghenemaro béèrè bóyá họ́ọ̀nù òun ló fa ìṣòro náà. Adaeze ní rárá, ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù kì í ṣe àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà mi orí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì gbé àga wá fún un, kò tiẹ̀ rí i. Ìyá Ephraim, tó ti tẹ̀lé e dé, ló jókòó sórí ẹ̀, tó sì ń ròyìn fún wọn bí òun ṣe lé Moyọ̀sọ́rẹ wá sí ọsibítù.