Bí Cyprien Ṣe Ń Túmọ̀ Fíìmù

Ràfíátù tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Martine.

"Ìyá Diane, ọkọ yín kejì ti dé o! Ọlọ́pàá tó ń tiro yẹn ti padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni."

"Irọ́ ni! Àbí o fẹ́ fi dá mi dúró kí n ra aṣọ?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Baálé mi ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí rẹ̀."

Martine rẹ́rìn-ín, àmọ́ bó ti ń gun òkè lọ sílé, ọkàn rẹ̀ kò sinmi. Fíìmù náà ti pẹ́, síbẹ̀ ẹni tó mọ apààyàn inú rẹ̀ dájú á tún jókòó tì í, bí ẹni pé òkú lè jí lọ́tẹ̀ yìí. Ti Martine tún yàtọ̀. Kò gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Cyprien ọkọ rẹ̀ ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, Cyprien sì ti kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ tún gbọ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó bẹ Diane ọmọ rẹ̀ kó wá láti Cotonou. Diane wá. Martine gún iyán, ó to àpótí méjì síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n gbé òkú baálé kan jáde nínú fíìmù náà. Martine nawọ́ sí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn.

"Òun ló pa á. Kò mú aṣọ òkú wá."

"Màmá, ta ló ń mú aṣọ òkú wá nílùú òyìnbó?"

"Bàbá rẹ ní bí ọlọ́pàá yẹn ṣe ń mú wọn nìyẹn. Á kí ìdílé òkú tán, á wá béèrè ẹni tí kò mú aṣọ wá."

Diane bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá wo? Bàbá tí kò gbọ́ Faransé ju *bonjour* lọ! Ìyàwó òkú ló pa á. Nítorí ogún ni."

Martine fa ọwọ́ tó nà sẹ́yìn. Àṣé Cyprien náà kò gbọ́ nǹkan kan. Àṣé láti inú ara rẹ̀ ló ti ń fa gbogbo ìtàn yẹn jáde, kí òun Martine má baà jókòó bí odi.

"Sọ ọ́ bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ ọ́," ó ní.

"Mi ò mọ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Gisèle ní Cotonou lẹ fi mí sí láti kékeré. Ẹ ò rántí ni?"

Ó rántí. Àwọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó yá, Diane gbé báàgì rẹ̀.

"Fíìmù ò tíì parí," Martine ní.

"Mo ti mọ ẹni tó pa á, Màmá. Bọ́ọ̀sì á lọ."

Martine sìn ín jáde. Diane gun ẹ̀yìn alùpùpù zémidjan, wọ́n sì gba àárín àpáta sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀dà. Martine gbé ọwọ́ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀. Diane kò bojú wẹ̀yìn.