Gílóòbù Tí Bàbá Fásanmí Ń Rí

1

…ó sì tàn.

Méje. Ó pupa bí ògúnná, ó dá dúró gbọnrangandan nínú gílóòbù.

Fúnmilọ́lá ká ọwọ́ kúrò lára wáyà aago tó ń tò pọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, Fásanmí tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní Òmù, tí ojú rẹ̀ ti ṣú débi pé ohùn ló fi ń dá ọmọ tirẹ̀ mọ̀. Bàbá na ìka.

“Méje nìyẹn.”

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ẹnu ya Fúnmilọ́lá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

2

OHUN TÍ Ó WÀ LÁRA AAGO NÁÀ

— Gílóòbù mẹ́rin, láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀lé dà sẹ́yìn kíláàsì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́wàá tí wọ́n fi wáyà tínínrín tẹ̀ tò sẹ́yìn ara wọn. Èyí tí iná bá kàn ni yóò tàn.

— Tiransifọ́mà rédíò tó ti kú.

— Pákó ìrókò, láti ara bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́.

— Gbogbo sùúrù tí Fúnmilọ́lá ní láyé yìí. Kò ṣẹ́kù.

3

[ kò tàn ]

4

Mẹ́ta inú gílóòbù ìkẹyìn ni kò tàn. Wáyà rẹ̀ ti já nínú, gíláàsì kò sì ṣeé ṣí. Gbogbo ọgbọ́n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe ní Ìkọ̀lé ni Fúnmilọ́lá dá. Pàbó.

FÚNMILỌ́LÁ: Ẹ má bínú, Bàbá. Mẹ́ta ò sí níbẹ̀.

BÀBÁ: Ó wà. Bí ibẹ̀ bá ti ṣú, mẹ́ta ni.

5

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, Òmù-Èkìtì, 2004)

A fi tó gbogbo ọmọ ìjọ létí pé agogo àdúrà ọ̀sán àná dún ṣáájú àkókò. Kí àwọn tó tìtorí rẹ̀ pa oko tì má ṣe bínú. Ìgbìmọ̀ yóò wá yẹ aago Bàbá Fásanmí wò ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Bí agogo bá tún ṣi àkókò, a ó gba okùn agogo lọ́wọ́ Bàbá.

Joshua, akọ̀wé ìjọ

6

Ẹ dákun, ẹ má tíì dá Bàbá lẹ́bi. Iná orí òpó ń lù bí ọkàn, ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan; lílù yẹn ni aago ń kà. Bí iná bá ṣe ń lù ni aago ń rìn. Bí iná bá lọ, aago á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, á padà sí òdo.

Wọ́n mú iná. Láàárọ̀ ọjọ́ tí agogo ṣi àkókò ni. Ìyá Bísí aládùúgbò bá fa wáyà jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá, kí aago Bàbá má bàa kú. Fúnmilọ́lá tún aago tò, ó gba Ìkọ̀lé lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń sáré ju iná òpó lọ. Aago bá a sáré.

Àánú aládùúgbò ló fẹ́ gba okùn lọ́wọ́ arúgbó.

ÌYÁ BÍSÍ: Ire ni mo rò o, Bàbá!

BÀBÁ: Ẹ kú uṣẹ́, Ìyá Bísí. Gbogbo ulé ló tètè jẹ uyán lọ́jọ́ náà. Ta ni ó ṣe ní ibi?

7

Bí wọ́n bá gba okùn, kò sí ohun tí Bàbá tún ń jí ṣe.

Ohun tó ń ba Fúnmilọ́lá lẹ́rù nìyẹn.

8

Ìrọ̀lẹ́, kí agogo mẹ́fà tó dún. Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fèrèsé pa. Joshua àti àgbà ìjọ méjì wọlé. Wọ́n ti múra ìjà láti ilé.

Wọ́n rí aago náà.

Joshua ṣí fìlà.

JOSHUA: Olúwa mi o. Fúnmi, ta ló kọ́ ọ?

FÚNMILỌ́LÁ: Rédíò ni mo kọ́, sà. Èyí, bó ṣe ń yà yín lẹ́nu ló ń ya èmi náà.

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Aago àgbà kan ní mẹ́fà ti kọjá. Ti èkejì ní ó ku díẹ̀. Ti Joshua ti kú láti àárọ̀, kò sì mọ̀.

BÀBÁ: Ẹ dákẹ́. Nọ́ńbà fẹ́ yí.

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Àgbàlagbà mẹ́ta la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé.

9

Wọ́n mú iná.

0

“Ó parí,” ni Joshua wí nínú òkùnkùn. Àánú wà lóhùn rẹ̀.

Bàbá kò mira. Ó ṣì kọjú sí ibi tí gílóòbù wà, ètè rẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó yá, ó dìde.

“Uná ló lọ,” ó ní. “Àkókò ò bá a lọ.”

Ó fọwọ́ tọ ògiri jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Fúnmi,” ni Joshua wí, “kí ni ti ọwọ́ rẹ wí?”

Nínú gbogbo wọn, Fúnmilọ́lá nìkan ni aago ọwọ́ rẹ̀ pé. Àkókò tí rédíò kéde ló fi tò ó lọ́sàn-án yẹn, ojú aago náà sì ń tàn lókùnkùn. Fúnmilọ́lá bọ́ ọ lọ́wọ́ láìwò ó. Ó dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́, ó di ọwọ́ pa.

Agogo ń dún.

Fúnmilọ́lá kò tíì ṣí ọwọ́ fún wọn.