Ẹja tí Bàbá Nawọ́ Sí

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé bàbá Abẹ́rẹ́ dè, abẹ́ omi ni ó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Òmùwẹ̀ ni ní èbúté. Bí ìdí ọkọ̀ ojú omi bá lu, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí; á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, á sì wọ inú omi lọ fi iná jó irin mọ́ irin. Àrùn yìí wá gba apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju "ó dáa" àti "rárá" lọ, pẹ̀lú àwọn ohùn kan tí ẹnikẹ́ni ò lè tú.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá ń gbé. Aránṣọ ni ọmọ náà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré, torí pé ó rí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ojú fèrèsé pálọ̀ ni maṣíìnì rẹ̀ wà, bàbá a sì jókòó sórí àga lódìkejì, a máa wo ògiri. Abẹ́rẹ́ ló ń yan aṣọ tí bàbá máa wọ̀, òun ló ń yan ohun tí bàbá máa jẹ, òun náà ló ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ó yá ká lọ sùn. Bí bàbá bá la ẹnu, kó tó rí ọ̀rọ̀ fà yọ, Abẹ́rẹ́ á ti bá a parí rẹ̀.

"Omi lẹ fẹ́ mu. Mo ti mọ̀."

Nígbà mìíràn kì í ṣe omi, àmọ́ bàbá á gbà á mu.

Ògiri tí bàbá ń wò yìí ló ń dun ọkọ Abẹ́rẹ́. Fìríìjì ni ọkọ náà ń tún ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú omi, àwa wá gbé e kalẹ̀ kó máa wo sìmẹ́ńtì." Bí wọ́n ṣe ra àpótí dígí kan nìyẹn. Kò tóbi; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó tábìlì maṣíìnì. Ọkọ po iyọ̀ òkun mọ́ omi, ó to òkúta òkun sí i, ó so pọ́ǹpù tí yóò máa gbé omi lọ gbé e bọ̀, ó sì ki irin amómilọ́wọ́ọ́wọ́ bọ̀ ọ́. Wọn ò tíì gbọdọ̀ fi ẹja sí i. Obìnrin ọlọ́sìn-ẹja ti kìlọ̀ fún wọn pé omi tuntun a máa pa ẹja, àfi kó kọ́kọ́ dàgbà, kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá ń wo omi lásán náà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí omi dàgbà tó, wọ́n fi bàbá sínú ọkọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù ọlọ́sìn-ẹja. "Kí wọ́n fojú ara wọn yàn," ni ọkọ wí.

Ṣọ́ọ̀bù náà há, ó móoru, òórùn iyọ̀ gba ibẹ̀ kan. Láti ilẹ̀ títí dé àjà, àpótí dígí ni. Ọlọ́sìn-ẹja ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, omi sì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wọ́n bí àpótí wọn ṣe tó. Ọkọ la apá méjèèjì fi hàn án.

"Ìyẹn ò gba èrò," ni obìnrin náà wí. "Ẹja kéékèèké méjì, edé kan tí á máa bá wọn gbálẹ̀, ìgbín òkun mélòó kan tí á máa lá ara dígí. Ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ojú kó yín wọ wàhálà o. Ẹ rí aláwọ̀ búlúù yẹn? Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ bó bá dàgbà á tó àwo ọbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n lẹ máa fi í sí."

Abẹ́rẹ́ ti rí tirẹ̀. Méjì ni wọ́n, wọ́n pọ́n bí ọsàn tó gbó, ìlà funfun yí wọn lára, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn kiri bí ìbejì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ̀ pé bàbá ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́.

Bàbá ti fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ dé kọ̀rọ̀ kan, ó dúró síwájú àpótí kan nílẹ̀. Téèyàn bá wò ó, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju òkúta lọ. Àfi ìgbà tí òkúta kan ya ẹnu, tó sì yán. Ẹja ni. Ó rí kókó-ǹ-kókó bí ọ̀pọ̀lọ́, ara rẹ̀ dà bí irin tó dípẹtà, ó sì fi lẹbẹ dúró bí ẹni fi ẹsẹ̀ dúró. Bàbá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé dígí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́ gaara. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

"Bàbá mọ nǹkan," ni ọlọ́sìn-ẹja wí. "Ìdí òpó èbúté ni irú èyí máa ń fara pamọ́ sí. Àmọ́ òun nìkan ló ń dá gbé o. Ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu ẹ̀, oúnjẹ ni. Ẹ mú òun, tàbí kẹ́ ẹ mú àwọn méjì yẹn. Wọn ò lè jọ gbélé."

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàbá, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Ṣé ohun táwọn oníbàárà mi á máa bá ní pálọ̀ nìyẹn? Àwọn méjì yìí ló máa múnú yín dùn."

"Rárá," ni bàbá wí. "Èyí."

"Ó ti rẹ̀ wọ́n," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún obìnrin náà. "Ẹ bá mi di àwọn méjì yìí."

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́, ó wolẹ̀. Àárín ọmọ àti bàbá ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ni àna fẹ́ wí?

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹja méjèèjì. Ẹni tó wá wọn aṣọ á dúró wò wọ́n títí á fi gbàgbé ohun tó bá wá. Bàbá ní tirẹ̀ kẹ̀yìn àga sí wọn. Bí Abẹ́rẹ́ bá yí àga padà, á di ojú. Oúnjẹ rẹ̀ dín kù. Abẹ́rẹ́ ní ìbínú ọmọdé ni, pé tó bá yá á tán. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bá bàbá lórí ìdúró nídìí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lára wáyà pọ́ǹpù. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ló wí, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé kan ní ìlú kejì, ó sì sùn síbẹ̀. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé pálọ̀ dákẹ́. Pọ́ǹpù ò dún. Omi ti ṣú bí omi ìfọṣọ. Ẹja méjèèjì dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, àwọ̀ wọn ti ṣá. Edé dojú sókè. Orí pọ́lọ́ọ̀gì pọ́ǹpù wà nílẹ̀, bàbá sì wà lórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Torí pé mi ò ra ẹja burúkú yẹn?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Rárá," ni bàbá wí. "Rárá." Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò wá.

"Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ti gbọ́. Èmi tí mò ń wẹ̀ yín, tí mò ń bọ́ yín, bẹ́ ẹ ṣe máa san án fún mi nìyí? Ẹ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ ò lè rìn, èyí tẹ́ ẹ lè ṣe náà ni kẹ́ ẹ máa pa nǹkan?"

Bàbá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì jẹ́ kó bọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ wọlé. Ó rí pọ́lọ́ọ̀gì nílẹ̀, ó sì dúró gbagidi. "Èmi ni," ló wí. "Mo gbé frísà oníbàárà kan wálé lánàá, mo yọ pọ́ǹpù kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi dán frísà wò. Mo gbàgbé." Ó jókòó. "Bí mo ṣe ń gbé frísà náà jáde láàárọ̀, Bàbá ń pariwo 'rárá, rárá.' Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí n lọ ni."

Ẹyin lohùn. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àga, ó ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí." Bàbá ń wo ògiri. "Ó dáa" tó rọrùn fún un jù láyé, kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, tí kì í bá ṣe ọkọ ló bọ́ ọ, kò ní yanu. Abẹ́rẹ́ ń ránṣọ, ìlà ń wọ́, ó ń tú u, ó ń tún un rán.

Ọkọ pààrọ̀ omi, wọ́n tún dúró kó dàgbà. Abẹ́rẹ́ wá dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹja tó rí bí ọ̀pọ̀lọ́ náà ṣì wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ọlọ́sìn-ẹja gbé àpò ọ̀rá, àmọ́ Abẹ́rẹ́ ní kó dúró ná. Ó padà sílé, ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó ti bàbá.

"Ẹja yín ṣì wà níbẹ̀," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ ká lọ mú un. Bó bá jẹ́ òmíràn, ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ rí omi yẹn mọ́, mo máa dà á nù."

Ó wá pa ẹnu mọ́. Kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ó sì ń gbé e mì.

"Lọ," ni bàbá wí.

Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ bóyá kí àwọn jọ lọ ni, àbí kí òun kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú bàbá ò sì sọ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ fẹ́ béèrè, ó fẹ́ bá a parí rẹ̀, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ òsì bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá kiri.

Ẹja náà wà ní pálọ̀ báyìí, òun nìkan, láàárín òkúta. Oníbàárà tó bá rí i á ké, á sún sẹ́yìn. Bàbá ló ń bọ́ ọ: ó ń fi ọwọ́ òsì ti ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bọ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, á nà án síwájú rẹ̀, á dúró títí ẹnu gbàràmù yẹn á fi là. Ó ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu nígbà mìíràn, torí ìwà kì í tán lára bọ̀rọ̀. Bàbá á gbé ọwọ́ sókè, Abẹ́rẹ́ á sì dákẹ́, á máa dúró.